Àmùrè Bàbá Mi àti Kẹ́ẹ̀gì Kẹrosíìnì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Peckham yìí kan náà tí mo ṣì ń gbé, imú mi ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ìgbà òtútù ti dé. Kí ewé orí igi tó wọ́ tán ní Peckham Rye, bàbá mi á ti gbé hítà jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn. Wọ́n á nu eruku ara rẹ̀, wọ́n á gé etí òwú rẹ̀ tó ti jóná, wọ́n á bu kẹrosíìnì sí i, òórùn náà á sì gba gbogbo ilé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí South London láyé ìgbà náà, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí. Ó máa ń tẹ̀lé wa dé kíláàsì. Àwọn ọmọ òyìnbó á máa yínmú, èmi náà á sì máa yínmú pẹ̀lú wọn bí ẹni pé n kò mọ ilé tí ó ti wá.

Yàrá méjì ni a háyà lókè ilé kan lẹ́yìn Rye Lane. Ẹ̀gbẹ́ hítà yẹn ni a ti ń wẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ iléèwé, orí rẹ̀ ni màmá mi sì ń gbé ìkòkò ògì sí kí ó má baà tutù. Mo máa ń tẹ́ èèpo ọsàn sórí rẹ̀ kí ilé lè ta sánsán. Bí wọn kò bá sí nítòsí, mo máa ń yan búrẹ́dì lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Búrẹ́dì náà dùn, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kì í bo àṣírí. Màmá mi kì í pariwo. Wọ́n á kàn ní kí n kúnlẹ̀, kí n na ọwọ́ mi méjèèjì sókè, kí n sì kọjú sí hítà tí mo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Kò ní pẹ́ tí iwájú mi á fi gbóná bí àkàrà, tí ẹ̀yìn mi á sì tutù bí omi ẹ̀rọ.

Kẹrosíìnì kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Bàbá mi ló ń lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó onírùngbọ̀n kan ní New Cross, èmi ni mo sì máa ń tẹ̀lé wọn, torí èmi nìkan ni wọ́n bí nígbà náà. Iṣẹ́ bàbá mi ni láti máa ti àwọn aláìsàn kiri lórí kẹ̀kẹ́ nínú ọsibítù, nítorí náà kò sí ohun tó ní táyà tí wọn kò lè tì. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń tì mí kiri nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́ ni wọ́n sọ di ọkọ̀ kẹ́ẹ̀gì.

Bàbá mi ní bí wọ́n ṣe ń di ẹrù. Kẹ́ẹ̀gì kì í jókòó lórí pákó inú kẹ̀kẹ́ náà lásán. Wọ́n á kọ́kọ́ ká táwẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ní òṣùká, irú èyí tí ìyá wọn fi ń ru igi láti oko, wọ́n á wá gbé kẹ́ẹ̀gì lé e kí ó má baà yọ̀. Wọn kì í jẹ́ kí òyìnbó rọ ọ́ kún dé ẹnu. Wọ́n ní epo náà ń fẹ́ àyè láti mí. Wọ́n á fi ọ̀rá sábẹ́ ìdérí kí wọ́n tó dé e pa. Kẹ́ẹ̀gì méjèèjì á kọ ẹnu sókè, èjìká sí èjìká, okùn á gba inú ọwọ́ wọn kọjá, á ya àgbélébùú láyà wọn, á sì dé ara irin kẹ̀kẹ́. Ojóbó ni wọ́n ń ta kẹ́yìn, kí ọwọ́ tí òtútù ti pa lè rí i tú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ pé, "Fà á." Èmi á fà á. Bí a bá rìn dé kọ́nà àkọ́kọ́, wọ́n á dúró, wọ́n á ní kí n tún fà á. Mo bi wọ́n ní ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n ní okùn tí kò tíì rìn, irọ́ ló ń pa.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ayọ̀ méjì àti wàhálà kan jọ wọlé wa ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Màmá mi bí àbúrò mi ọkùnrin ní ọjọ́ Àìkú. Ìjọ Aládùúrà wa, àwọn aláṣọ funfun, sì ti kéde pé ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ni wọn yóò fi òróró yan bàbá mi sí oyè, èyí tí í ṣe ọjọ́ ìsọmọlórúkọ gan-an. Wàhálà náà ni yìnyín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní ọjọ́ Ajé, kò sì mọ ìgbà tí í dáwọ́ dúró. Bọ́ọ̀sì ò rìn, iléèwé tì, àwa ọmọdé sì ń fi àwo tíì ṣe ọkọ̀, a ń yọ̀ gẹ̀rẹ́ lórí pápá Rye títí a ò fi mọ̀ bóyá a ṣì ní ìka lọ́wọ́.

Kẹ̀kẹ́ wa nìkan ni kò rí eré ṣe. Táyà rẹ̀ rì sínú yìnyín. Bàbá mi bá tú gbogbo táyà náà, wọ́n lọ yọ ẹsẹ̀ àga kan tí aládùúgbò jù síta, irú àga tí í mì síwá sẹ́yìn, wọ́n sì kan ẹsẹ̀ méjèèjì tó ká sókè náà mọ́ abẹ́ kẹ̀kẹ́. Wọ́n so okùn mọ́ iwájú rẹ̀, ó di ohun tí à ń wọ́. Màmá mi yọjú wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní ó dáa, àwọn ti ń rò pé ọmọ tuntun ni yóò jogún kẹ̀kẹ́ yẹn.

Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, kẹrosíìnì tó kù kò ju ìsàlẹ̀ lọ. Ọmọ tuntun ti dé láti ọsibítù, omi ti dì sí ojú fèrèsé wa láti inú. Ọmọ náà kéré. Nọ́ọ̀sì tó wá wò ó kìlọ̀ fún màmá mi pé a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí yàrá yẹn tutù rárá, ojú nọ́ọ̀sì náà kò sì rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Bàbá mi ní láti lọ sí gbọ̀ngàn tí ìjọ wa háyà ní New Cross lọ́jọ́ náà, kí wọ́n lè gbàdúrà sí àmùrè oyè wọn. Àmùrè ni ọ̀já tí àwọn aláṣọ funfun ń dì mọ́ ìbàdí, àwọ̀ rẹ̀ ló sì ń sọ ipò ẹni. Ti bàbá mi jẹ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó ní etí yẹ́lò, ó ń dán. Ìlànà wa ni pé ohun tí a bá ti gbàdúrà sí kò gbọ́dọ̀ kan ohun ẹlẹ́gbin. Ní ọdún tó ṣáájú, wọ́n ti dá ọkùnrin kan padà nídìí òróró torí pé ó fi àmùrè tirẹ̀ nu ọwọ́ ọbẹ̀.

Nígbà tí àdúrà parí, bàbá mi bọ́ sùtánà wọn, torí a kì í wọ bàtà sí i, kò sì sí ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú yìnyín àfi ẹni tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sú u. Wọ́n fi pépà funfun wé àmùrè náà, wọ́n fi sí báàgì. A yà sọ́dọ̀ òyìnbó onírùngbọ̀n, a ra kẹ́ẹ̀gì méjì, a dì wọ́n, mo fà á, a tún dúró ní kọ́nà, mo tún fà á. Ojú Queens Road ni okùn já sí. Yìnyín ti rin ín gbingbin, ó ti dì, irin kẹ̀kẹ́ sì ti ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kan yí gbirigbiri sínú yìnyín. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀rá abẹ́ ìdérí.

Bàbá mi so okùn tó kù, kò tó. Wọ́n bọ́ bẹ́líìtì wọn, kò dé ibì kankan. Wọ́n gbìyànjú láti gbé kẹ́ẹ̀gì méjèèjì lọ́wọ́, wọ́n yọ̀, díẹ̀ ló kù kí wọ́n ṣubú. Ṣọ́ọ̀bù kankan kò ṣí. Wọ́n wá dúró, mo sì rí i pé báàgì ni wọ́n ń wò.

"Daddy, not that one," mo ní. "Wọ́n ti pray sí i."

Bàbá mi tú pépà náà, ètè wọn mì díẹ̀, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n ki àmùrè náà bọ ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì, wọ́n gbé e gba àyà kẹ́ẹ̀gì méjèèjì, wọ́n ta ojóbó. "Fà á." Omi lójú, mo fà á. Kò mì.

Nígbà tí a délé, ọwọ́ ọmọ náà ti tutù débi pé màmá mi ti gbé e wọ inú aṣọ mọ́ àyà ara wọn. Bàbá mi tan hítà kí wọ́n tó bọ́ kóòtù. Nígbà tí yàrá móoru, tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké fún ọmú, ìgbà náà ni màmá mi tó rí ohun tí a fi so kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, wọ́n da lọ́fíńdà ìjọ sí i. Ibi tí ó sì lè gbẹ kò ju ẹ̀gbẹ́ hítà lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú fi mọ́, àmùrè náà ń rùn ọsàn, ó ń rùn lọ́fíńdà, ó sì ń rùn kẹrosíìnì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èmi àti bàbá mi nìkan la lọ, torí ìyá ọmọ tuntun kì í wọ ilé àdúrà títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ bí ó ti pẹ́ tó tí bàbá mi ti ń dúró de oyè yẹn, tí àwọn tó bá wọn lẹ́nu ọ̀nà ń kọjá lọ sókè, tí bàbá mi ṣì ń to àga kiri. Nígbà tí ó kan bàbá mi, wọn kò kúnlẹ̀. Wọ́n na àmùrè náà sí olórí ìjọ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ajíhìnrere.

"Òun ni mo fi so kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì, sà. Okùn já lójú ọ̀nà, ọmọ tuntun sì wà nínú òtútù."

Bàbá Ajíhìnrere gbé àmùrè náà dé imú, wọ́n sì gbé e kúrò kíákíá.

"Ṣé kẹ́ẹ̀gì dà nù?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ilé móoru?"

"Ó móoru, sà."

Àgbàlagbà náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn di àmùrè náà mọ́ ìbàdí bàbá mi, èyí tí n kò rí kí wọ́n ṣe fún ẹnikẹ́ni rí. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni wọ́n wí. "Ẹ kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jìnnà sí àbẹ́là." Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, èmi sì sunkún. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n tẹ̀lé wa délé, wọ́n sọ ọmọ náà ní Olúwagbémiga lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà.

Lónìí, fóònù ni mo fi ń tan ooru ilé mi kí n tó kúrò níbi iṣẹ́ ní Lewisham. Àwọn ọmọ mi á wọ síńgílẹ́ẹ̀tì rìn kiri inú ilé lóṣù Kejìlá, wọ́n á tún ní òtútù ń mú àwọn. Ẹni tó bá ní ìgbà yẹn sàn jù, kò wẹ̀ nínú yàrá wa rí. Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn mí ni pé kò sí ẹni tó ń fa okùn lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Bí nǹkan bá ti rí bíi pé ó dúró, a gbà pé ó dúró.

Gbémiga, ọmọ ọjọ́ kẹfà yẹn, ti ní irùngbọ̀n báyìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wọn bí yìnyín ṣe jìn tó ní ìhà àríwá Norway, níbi tí ọ̀kadà wọn kò ti ní táyà. Snowmobile ni wọ́n ń pè é. Nígbà ìrúwé tó kọjá, àwọn ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ rán òun nìkan lọ sí ahéré kan lọ́nà jíjìn fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sí ilé epo lọ́nà, nítorí náà ó ní láti di kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù sẹ́yìn ìjókòó, kí ó sì di ti kẹrosíìnì tí yóò tan sí hítà ahéré mọ́ ọn. Òwúrọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ, ó pè wá lórí fídíò. Mo wà lọ́dọ̀ bàbá mi, tí wọ́n ti darúgbó, tí wọ́n ń mu tíì.

"Daddy, ẹ wò ó, mo ti strap everything. Ó tight gan-an."

Bàbá mi ní kí ó yí fóònù sí ìdí kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n bi í pé kí ló wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n ní kí ó ṣe òṣùká. Gbémiga kò mọ bí wọ́n ṣe ń ká a, ni mo bá mú aṣọ ìnuwọ́, mo ká a níwájú fóònù, òun náà sì fi búláńkẹ́ẹ̀tì ká tirẹ̀. Wọ́n ní kí ó fà á. Kẹ́ẹ̀gì tí Gbémiga ti búra pé kò lè mì, ó mì. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún un dì. Wọ́n ní bí ó bá dé kọ́nà àkọ́kọ́, kí ó tún fà á.

"Daddy, kò sí corner níbí o. Snow lásán ni."

"Rìn díẹ̀, kí o dúró."

Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, bàbá mi kò jẹun dáadáa. Wọ́n ṣí àpótí wọn, wọ́n ń wá nǹkan tí wọn kò sọ, mo sì gbọ́ òórùn kẹrosíìnì àtijọ́ yẹn fẹ́ẹ́rẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, fóònù dún. Ohùn Gbémiga jìnnà, ó ń já, ṣùgbọ́n òun ni. Bàbá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọn kò kí i, wọn kò béèrè bí ọ̀nà ti rí.

"Ṣé kẹ́ẹ̀gì dà nù?"

"Rárá, Daddy."

"Ṣé ilé móoru?"

Ìtàn yẹn la fi tọ́ Gbémiga, ó mọ ibi tí ìbéèrè náà ti wá.

"Ó móoru, sà."