Ọyẹ́ tí Mo Bá Wọn Wo Ẹyẹ

Oko kòkó ní òórùn tirẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́. Ewé tó ti jábọ́ látọjọ́ pípẹ́ á ti rà mọ́ra wọn, ìrì á sẹ̀ sí i, èéfín pápá tí wọ́n ń jó lọ́nà jíjìn á wá dà pọ̀ mọ́ ọn. Imú á gbẹ, ètè á sì máa là. Oǹdó ni wọ́n bí mi sí, ọmọ àgbẹ̀ oníkòkó ni mí, nítorí náà mo ti mọ òórùn yẹn láti kékeré. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ ọ báyìí, oko bàbá mi kọ́ ló ń wá sí mi lọ́kàn mọ́. Oko ẹni ẹlẹ́ni kan ní Ìlú-Abo, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ni, níbi tí èmi àgbàlagbà ti tẹ̀lé àwọn kan lọ wo ẹyẹ.

Rẹ́rìn-ín tó bá wù ọ́. Tí ẹnìkan bá ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé àgbà á jí ní ìdájí, á wọ mọ́tò, á lọ dúró sínú igbó láti wo ẹyẹ tí kò ní pa jẹ, ǹ bá ní kí wọ́n lọ tọ́jú orí onítọ̀hún.

Ọdún tí bàbá àwọn ọmọ mi kú ni. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ wá mú mi kúrò ní Oǹdó, ó ní òun ò lè fi mí sílẹ̀ lémi nìkan nínú ilé yẹn. Mi ò bá a jiyàn. Àwọn èèyàn ń wá kí mi kú ará fẹ́ra kù, wọ́n ń bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀, ṣé ó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ ni, kí ló jẹ kẹ́yìn. Ìfẹ́ ló gbé wọn wá, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dáhùn, ṣe ló dà bí ẹni ń fa omi nínú kànga tó ti gbẹ. Nígbà tó yá, mo dákẹ́. “Ẹ ṣé” àti “Ó ti tó” nìkan ló kù lẹ́nu mi. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun, mo kàn ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo gbọ́ tí ọmọ mi ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù pé, “Bó bá ń lọ báyìí, Màmá á tẹ̀lé Bàbá.” Kò parọ́. Mo mọ̀ ọ́n lára pé mo ti mú ọ̀nà yẹn pọ̀n.

Bàbá onílé ọmọ mi ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ igbó kó tó fẹ̀yìn tì. Òun àti nọ́ọ̀sì kan àti àwọn tíṣà mélòó kan ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n fi ń wo ẹyẹ káàkiri. Àsìkò ọyẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn jù, torí ìgbà yẹn ni àwọn ẹyẹ òkè òkun máa ń sá fún òtútù wá sọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ Sátidé kan ó wá dúró níwájú mi pẹ̀lú bàtà oko lẹ́sẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ.”

Mo mi orí.

“Ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀,” ló wí. “Àwa náà kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀, ṣe la máa ń bá a wí.”

Ohun tó gbé mi dìde nìyẹn.

Wọn kì í wọ aṣọ tó ń tàn, kí ẹyẹ má baà rí wọn. Gbogbo wọn wà nínú aṣọ dúdú, aṣọ aláwọ̀ ewé, aṣọ aláwọ̀ erùpẹ̀. Èmi wà nínú aṣọ ọ̀fọ̀ mi. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo dúró láàárín èèyàn tí aṣọ mi ò yà mí sọ́tọ̀. Nọ́ọ̀sì wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, “Màmá tiẹ̀ múra jù wá lọ.” Ó fi awò kan kọ́ mi lọ́rùn, èyí tí ń mú ohun tó jìnnà súnmọ́ni. Kò bi mí pé ta ló kú.

Bí mo ṣe ń tẹ̀lé wọn ní Sátidé-Sátidé nìyẹn. Mo rí ẹ̀gà níbi tó ti ń hun ilé, mo rí lékeléke lórí àbàtà, mo rí àtíòro tó ń fò kọjá pẹ̀lú ẹnu ńlá rẹ̀ bí ẹni ru ẹrù. Tí a bá padà délé, ebi á máa pa mí. Kì í ṣe idán, ìrìn ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tíì padà.

Ẹyẹ kan wà tí bàbá onílé ń wá ní gbogbo ọyẹ́ yẹn. Ọ̀fun rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, oyin ló ń mú jẹ lójú òfuurufú. Ó ní ó máa ń ré òkun àti aṣálẹ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èmi kàn ń rò ó nínú ara mi pé ibo ló máa ń sùn lójú ọ̀nà.

Oko Ìlú-Abo yẹn la ti rí i. Olóko ń gbé ní ìgboro Àkúrẹ́, ó ti fún wa láyè, àmọ́ ó gbàgbé láti sọ fún ọkùnrin tó ń bá a mójú tó oko. Ẹyẹ náà bà sórí ẹ̀ka gbígbẹ kan, gbogbo wa dúró gbagidi. Bàbá onílé gbé awò rẹ̀ sójú. Kí ló ṣe mí tí mo fi wẹ̀yìn, mi ò mọ̀. Mo rí ọkùnrin kan lẹ́yìn igi kòkó, ó ti na ìbọn ọdẹ sí ẹ̀yìn bàbá onílé.

Mi ò bá a wí. Rò ó wò ná. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wa, ó ń retí kí a kí òun, a ò kí i. Nílẹ̀ wa, ta ló ń wọ oko olóko láìkí ẹni tó bá níbẹ̀, àfi olè? Lóde òní tí wọ́n sì ń jí èèyàn gbé, ó wá bá àwọn aláṣọ dúdú láàárọ̀ kùtù, wọ́n gbé nǹkan bo ojú, wọ́n ń yọ́ rìn. Àwọn tó kù ò rí i. Èmi nìkan ni.

Mo la ẹnu. “Ẹ kú uṣẹ́ o! Àrokobọ́dún dé o!”

Ohùn tí mo máa fi ń ké sí ọkọ mi láti ẹnu ọ̀nà oko ló jáde, ó sì ròkè. Gbogbo ẹyẹ inú oko náà gbéra lẹ́ẹ̀kan náà.

“Àṣẹ o,” ni ọkùnrin náà dáhùn, bí ẹni tí ẹnu rẹ̀ ò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbọn wálẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn wo lẹ ń rìn bí òkú báyìí?”

Bàbá onílé na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní ẹyẹ la wá wò.

“Ẹ fẹ́ pa á?”

“Rárá o.”

“Ẹ fẹ́ mú un lọ tà?”

“A kàn fẹ́ wò ó ni.”

Ọkùnrin náà kọjú sí mi. “Ìyá, ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ?”

“Òótọ́ ni, ọmọ mi,” mo ní. “Orí wọn pé. Ẹyẹ ló kàn mú wọn báyìí.”

Ẹ̀rín ló pa á tó fi jókòó sórí ìtì igi. Ó bi mí pé ọmọ ibo ni mí, mo sọ fún un. Mo sọ irú kòkó tí ọkọ mi gbìn, mo sọ bí a ṣe máa ń sá a, mo ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń nu omi lójú.

Nínú mọ́tò, mo ní kí bàbá onílé má bínú, pé mo ti lé ẹyẹ rẹ̀ lọ. Kò sì rí i mọ́ ní gbogbo ọyẹ́ yẹn. Ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ohùn yín la rí.” Kí a tó dé Àkúrẹ́, mo ti ròyìn ikú ọkọ mi fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnikẹ́ni ò bi mí. Wọ́n kàn ń gbọ́ ni.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló dá mi padà sílé mi ní Oǹdó. Mo máa ń gbàdúrà fún àwọn èèyàn yẹn. Wọn ò gbà mí nímọ̀ràn kankan, wọn ò sọ pé kí n gbàgbé. Àyè ni wọ́n fún mi, wọ́n sì jẹ́ kí n bá wọn dúró.

Lọ́dún tó kọjá, ọkọ obìnrin kan ládùúgbò wa kú. Nígbà tí àwọn tó ń wá kí i ti dínkù, mo lọ. Mo kí i lẹ́ẹ̀kan, mo jókòó, a jọ ń ṣa ẹ̀wà tó wà níwájú rẹ̀. Ọjọ́ kejì, mo tún lọ, a tún ṣa ẹ̀wà. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó di ọjọ́ tó gbójú sókè, tó ní, “Màmá, àárọ̀ ló ṣẹlẹ̀.” Mo gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀, mo dẹtí sí i.