Àwọn Erékùṣù tí Mo Ń Tà ní Marshalltown

Ní ọdún 2008, erékùṣù ni mo ń tà jẹun ní Johannesburg. Kì í ṣe pé mo ń ta ilẹ̀ rẹ̀ o. Ilé iṣẹ́ kékeré kan wà ní Marshalltown tó ń ṣètò ìrìn-àjò ìgbafẹ́ fún àwọn tó rí owó ná, èmi ni mo sì ń jókòó sídìí tábìlì iwájú, tí mo ń ṣàlàyé fún oníbàárà ohun tó wà ní Zanzibar tí kò sí ní Mauritius, àti ohun tó wà ní Seychelles tí kò sí níbòmíràn láyé. Mo mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mowó. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti bí mi, omi yí wa ká, mo sì máa ń sọ fún ọ̀gá mi obìnrin pé kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọmọ erékùṣù ní erékùṣù. Síbẹ̀, n kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ọ̀kankan nínú àwọn tí mo ń tà. Ìwé ìgbélùú tí wọ́n fún mi kò gbà pé kí n jáde kí n tún padà wọlé.

Iyanrìn funfun àti omi tó mọ́ gaara ni oníbàárà máa ń fẹ́ gbọ́, ìyẹn náà ni mo sì ń sọ fún wọn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ erékùṣù kò ṣeé sọ fún ẹni tó fẹ́ lọ najú. Ẹyẹ ńlá kan wà ní Mauritius rí tí kò lè fò. Nítorí pé ẹranko tó lè pa á jẹ kò sí níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìbẹ̀rù. Nígbà tí àwọn atukọ̀ òyìnbó gúnlẹ̀, ńṣe ló ń rìn lọ pàdé wọn, wọ́n sì ń fi kùmọ̀ fọ́ ọ lórí. Kò pẹ́ kò jìnnà, kò ku ẹyọ kan láyé. Erékùṣù kan tún wà nítòsí Brazil tó jẹ́ pé paramọ́lẹ̀ aláwọ̀ wúrà ló kún inú rẹ̀, ìjọba sì ní kí ará ìlú má dé ibẹ̀. Ẹyẹ ni àwọn ejò yẹn ń jẹ, oró wọn sì mú débi pé ẹyẹ tí wọ́n bá bù jẹ kì í lè fò jìnnà. Lójú òkun India, àwọn èèyàn kan ń gbé erékùṣù tiwọn tí wọ́n ń ta ọfà sí àlejò tó bá sún mọ́ etíkun, wọn kì í béèrè orúkọ. Ní Madagascar, oríṣi igi oṣè kan àti ẹranko olójú ńláńlá tó ń fò láti igi dé igi wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí irú wọn nínú igbó ibòmíràn. Omi ló fa gbogbo rẹ̀. Ohun tí omi bá yà sọ́tọ̀, ọ̀nà tirẹ̀ ni yóò máa gbà dàgbà. Èyí tó gbàgbé ìbẹ̀rù wà níbẹ̀, èyí tó gbàgbé àánú náà sì wà.

Ìbẹ̀rẹ̀ òtútù ọdún náà ni ìjà dé. Ní àwọn àdúgbò tálákà tó yí ìlú ká, wọ́n ń lé àjèjì, wọ́n ń sun ilé, wọ́n ń pa èèyàn. Kwerekwere ni wọ́n ń pe àwa tí a ti ìlú mìíràn wá, wọ́n sì ń pè é bí ẹni ń tutọ́. Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní ẹ̀yìn Roodepoort, níbi tó ti ń na ara mọ́tò tó bá fara gbá, tó ń kùn ún. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì ni mo rí i lẹ́nu ọ̀nà. Etí rẹ̀ òsì ti ya sí méjì, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn lọ́rùn.

"Àǹtí, wọ́n ti burn ẹ̀," ló wí. "Yàrá mi, àwọn tools mi, gbogbo ẹ̀. Ọmọ Mozambique tó wà ní next room, wọ́n da petrol sí i lára. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀, Àǹtí. Mo ń sáré lọ, mo ṣì ń gbọ́ ọ."

Mo fà á wọlé. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń fi omi gbígbóná nu etí rẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn níbi tí a ń kó ìwé ìpolówó sí ni mo fi í pamọ́ sí. Ó jókòó sáàárín àwòrán etíkun, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. N kò mọ ohun tí n óò fi tù ú, ni mo bá ń ròyìn erékùṣù fún un bíi pé oníbàárà ni: kànáfùrù Zanzibar tí òórùn rẹ̀ ń bá atukọ̀ lójú omi, àgbọn Seychelles tó tóbi ju orí èèyàn lọ, àwọn akàn pupa tó ń jáde nínú igbó lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún lọ sókun láti lọ yé ẹyin. Ó ń mi orí. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá ọ̀kan wà nínú wọn tó ń gba ọmọ Nàìjíríà láìbéèrè físà. Mo rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní etí rẹ̀.

Ọ̀gá mi òyìnbó dé, ó rí i, ojú rẹ̀ funfun ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ó káàánú, ó fún un ní kóòtù kan tí ọkọ rẹ̀ gbàgbé sí ọ́fíìsì. Àmọ́ ó ní òun kò lè gbà á láyè kó dúró, pé bí àwọn èèyàn yẹn bá gbọ́, wọ́n á fọ́ gíláàsì. Ilé mi ní Bruma nìkan ló kù tí mo lè mú un lọ, tákísì la sì máa wọ̀.

Mo fún un ní fìlà onírun tí mo ń dé nígbà òtútù, mo fà á bo etí rẹ̀. Mo ní, "Gbọ́ mi dáadáa. Bí a bá ti jáde, kò sí Yorùbá. Má gbé phone. Má kí ẹnikẹ́ni, kò báà jẹ́ ìyá tó bí ẹ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

"Bàbá ńkọ́?" ló bi mí. "Ṣé wọ́n á ti gbọ́ news?"

Bàbá yìí jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà tí a ń lọ. Aránṣọ ni, òun ló ń rán sùtánà funfun fún gbogbo wa. Nígbà tí àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó tí èmi fúnra mi ń há mọ́ yàrá àwọn ẹlòmíràn, ilẹ̀ ilé Bàbá ló sùn títí ó fi rí iṣẹ́. Bàbá ti pẹ́ ní ìlú yìí débi tó fi rò pé ìlú náà mọ òun. Ó gbà pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, ó ti di ọṣẹ. Kò sì sí ohun tó dùn ún tó kí ọmọdé rí i kó má kí i. Nílé lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ ìwòyí ti ń kí àgbà lóòró, wọ́n á kàn tẹ orí ba. Lọ́dọ̀ tiwa ní Johannesburg, ńṣe ni ìdọ̀bálẹ̀ ń gbóná sí i. Bàbá ti lé ọkùnrin tó ti bímọ jáde kúrò nínú ìsọ̀ rẹ̀ rí nítorí pé àyà rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Èmi ti mọ ìdí rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ mi: omi ló yà wá sọ́tọ̀, ohun tí a kó wá sì ń hù lọ́nà tirẹ̀ láàárín wa.

"Àgbàlagbà ni Bàbá," mo dá a lóhùn. "Ó mọ bó ṣe máa dáàbò bo ara ẹ̀."

Ibùdókọ̀ náà kún. A tò sí ìlà. Àwọn ọkùnrin kan ń bọ̀ láti òkè ìlà, wọ́n mú kùmọ̀ àti irin lọ́wọ́, wọ́n ń wo ojú èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn dúró níwájú àbúrò mi, ó bi í ní nǹkan ní èdè Zulu. Àbúrò mi dá a lóhùn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó fi "shap", ìyẹn "ó ti dára" lédè ìgboro ibẹ̀, parí rẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ọkùnrin náà kọjá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ikùn. Ó ku èèyàn díẹ̀ níwájú wa kí a wọkọ̀.

Ìgbà yẹn ni mo rí Bàbá. Ó ń ti òdìkejì títì bọ̀ pẹ̀lú ọ̀rá tó kó òwú ìránṣọ sí. Ó tújú ká bó ṣe rí wa. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àbúrò mi ń wo bàtà ara rẹ̀. Bàbá rin wọ́ọ́rọ́wọ́ kọjá níwájú wa, bí àgbà ṣe máa ń rìn nígbà tó bá ń retí kí a kí òun. Ìkíni kò dé. Ó ṣe díẹ̀, ó padà.

"Ìwọ ọmọ yìí!" Ohùn tó fi ń ké alelúyà ló fi ké e. "Èmi lò ń wò bí ẹni wo ògiri yẹn? Èmi tí o sùn sílé mi, tí o jẹ iṣu mi? O ò lè kí mi?"

Àwọn ọkùnrin náà yí padà. Bàbá kò wò wọ́n. Àbúrò mi ló ń wò, ó ń dúró de ìkíni rẹ̀, inú sì ń bí i gidigidi.

Èjìká ni wọ́n ti kọ́kọ́ lu Bàbá. Ọ̀rá já, òwú funfun yí káàkiri lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Ọkùnrin tó ti bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tún padà wá, ó fi irin tọ́ka sí Bàbá, ó bi àbúrò mi bóyá ó mọ̀ ọ́n.

"No," ni àbúrò mi wí. "I don't know him."

Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, n óò tún dì í mú. Wọ́n la kùmọ̀ mọ́ Bàbá lórí, ẹ̀jẹ̀ ṣàn bò ó lójú, ó fi orúnkún lélẹ̀. Ẹnìkan sọ bíríkì lù ú láyà. Ẹnìkan ń pariwo pé kí wọ́n wá petrol wá. Bàbá ń fọwọ́ wá ilẹ̀ kiri bí ẹni tó sọ gíláàsì ojú nù.

Àbúrò mi já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ìjà ló ń lọ jà, nítorí ọwọ́ tó ń na irin ni ọwọ́ rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ṣí fìlà kúrò lórí, ó lọ síwájú Bàbá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ọ̀dà, àyà kanlẹ̀, láàárín àwọn kùmọ̀ yẹn.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú, sà."

Wọ́n dáwọ́ dúró. Mo rí i lójú wọn pé wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ṣe bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, lẹ́yìn náà wọ́n bò ó. Bàtà kan balẹ̀ ní àgbọ̀n rẹ̀, mo sì gbọ́ bí egungun ṣe dá.

N kò lè kó ẹnu mi níjàánu mọ́. Gbogbo èébú tí mo ti gbọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ń bú jáde ní Yorùbá, mo bọ́ bàtà onígìgísẹ̀, mo fi gún ẹnìkan lójú. Mo bu ẹlòmíràn jẹ lápá títí ẹran ara rẹ̀ fi wọ̀ mí lẹ́nu. Wọ́n gbá mi lulẹ̀. Ẹni tó gbà wá sílẹ̀ ni ìyá àgbà kan, ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, tó ń sun àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Ó gbé garawa iná rẹ̀ tòun ti ẹ̀yinná tó pọ́n, ó dà á lé àwọn ọkùnrin náà lórí, ó ń ké lédè wọn, "Eish! Ẹ̀yin ajá! Bàbá arúgbó!" Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n ń yin ọta rọ́bà, gbogbo èèyàn fọ́n ká.

Wọ́ọ̀dù méjì tó kọjú síra ni wọ́n tẹ́ àbúrò mi àti Bàbá sí nílé ìwòsàn. Wọ́n fi wáyà di eyín àbúrò mi pọ̀ kí àgbọ̀n rẹ̀ lè jinná, wọ́n sì fi báńdéèjì wé egungun ìhà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbà mí láyè láti rí Bàbá, ojú kan ṣoṣo ló ń ṣí.

"Àbúrò rẹ kò kí mi," ló kọ́kọ́ wí.

"Ó kí yín, Bàbá. Ó dọ̀bálẹ̀ sáàárín títì."

"N kò rí i. Ẹ̀jẹ̀ wà lójú mi."

Inú tún bí mi. Mo ní, "Ìkíni yìí náà ló fẹ́ pa yín!"

"Kì í ṣe ìkíni," ni Bàbá wí. "Àìkíni ni."

Mo lọ sọ ọ́ fún àbúrò mi, torí mo rò pé yóò bínú bíi tèmi. Ńṣe ló sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fa irin tí wọ́n gbé omi tó ń wọ iṣan rẹ̀ kọ́ sí dání, ó ń wọ́ ẹsẹ̀, nọ́ọ̀sì kan ń pariwo tẹ̀lé e. Ó fi orúnkún kanlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì Bàbá, lẹ́yìn náà ọwọ́, lẹ́yìn náà àyà. Ohùn kan ń jáde láàárín wáyà ẹnu rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá ó ti ṣubú ni. Mo ní rárá, ó ń kí bàbá rẹ̀ ni.

Bàbá yí ọrùn díẹ̀díẹ̀ títí ojú tó ṣí fi débi tó wà. Ó wo etí tó ya, ó wo báńdéèjì, ó wo àgbọ̀n tó wú.

"Wọ́n lu ìwọ náà?" ló wí.

Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún un. Ó na ọwọ́ sílẹ̀ láti fà á dìde, ọwọ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi àti nọ́ọ̀sì la gbé e. Bàbá ní kí n bá òun yí ojú òun sí ògiri, mo sì yí i. Ọjọ́ ìsìn kò tíì dé tó fi kú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ kó tún bá ọmọdé kankan wí.