Aṣọ Tí Ojú Gé

Ojú ni ìyá Adákẹ́, tó jẹ́ aránṣọ, fi ń wọn èèyàn. Oníbàárà á wọ ṣọ́ọ̀bù, kò tíì rí ibi jókòó, aránṣọ ti wò ó lẹ́ẹ̀kan láti èjìká dé ẹsẹ̀, ó ti ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí aṣọ. Téèpù wà lọ́rùn rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ bí ẹni tó fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ni. "Ojú tí Ọlọ́run fún mi," ló máa ń wí, "kì í parọ́." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn ò sì ní jiyàn, torí aṣọ náà á bá wọn mu.

Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún: maṣíìnì méjì, tábìlì gígùn tí wọ́n fi ń gé aṣọ, áyọ́ọ̀nù kan tó máa ń jó ẹni tí kò bá mọ ìwà rẹ̀, àti àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ aránṣọ. Orí àpótí yẹn ni Adákẹ́ dàgbà sí. Bó bá ti ilé ìwé dé, ibẹ̀ ló ń jókòó, á máa fa òwú tí wọ́n fi há aṣọ mọ́ra fúngbà díẹ̀ yọ, ìyá rẹ̀ á sì máa ròyìn ohun tójú rí lọ́jọ́ náà fún un. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ, nítorí kì í sọ̀rọ̀ níwájú àlejò. Nílé ìwé pẹ̀lú, kò lọ́rẹ̀ẹ́. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, ìyẹn sì tó o nígbà náà.

Ọdún tó pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àbúrò ìyá rẹ̀ kú, wọ́n sì mú ọmọbìnrin tó fi sílẹ̀ wá sílé wọn. Oṣù méjì péré ni ọmọ náà fi ju Adákẹ́ lọ. Ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ni wọ́n bá ń pè é ní Ẹlẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó gbá ṣọ́ọ̀bù. Lọ́sẹ̀ kejì, ó jókòó sórí àpótí. Oṣù kan ò pé tó fi dé ìdí maṣíìnì kejì, tó ń rán apá aṣọ gbọọrọ bí ẹni tó ti inú ìyá rẹ̀ kọ́ ọ wá.

"Ẹ wo ọwọ́ ọmọ yìí!" ni aránṣọ ń wí fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. "Ọwọ́ àbúrò mi gan-an nìyí."

Adákẹ́ náà gbìyànjú. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń làágùn, aṣọ á sì máa yọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó rán apá aṣọ mọ́ ojú ọrùn. Ìyá rẹ̀ gbé e sókè, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ta ló fẹ́ wọ èyí? Ẹni tí apá hù lọ́rùn ẹ̀?" Ẹlẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó gba aṣọ, ó tú u, ó tún un rán láìsọ nǹkan kan. Ìyẹn ló dun Adákẹ́ jù. Ì bá sàn kó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Owú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà, tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò ní mọ̀. Ó ń ka iye ìgbà tí ìyá rẹ̀ pe orúkọ ọmọ yẹn kó tó pe tòun. Lọ́jọ́ tí Ẹlẹ́rìn-ín ṣíwọ́ "Àǹtí" tó sì pe "Màámi," aránṣọ ò tiẹ̀ gbójú sókè nídìí iṣẹ́ rẹ̀ kó tó dáhùn pé, "Ọmọ mi." Láti ọjọ́ náà, Adákẹ́ ń gba ṣọ́ọ̀bù kọjá lọ sí yàrá bí ẹni tó ń gba ọ̀nà ẹlòmíì. Á dùbúlẹ̀, á kọjú sí ògiri.

"Ó ti ń dàgbà ni," ìyá rẹ̀ sọ fún oníbàárà kan. "Ó ti ń fẹ́ dá wà."

Ohun tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé Adákẹ́ bẹ̀rù Ọlọ́run. Ó mọ̀ pé ọmọ òrukàn kì í ṣe ẹni tí à ń jowú. Òun ń jowú lórí ìyá, ọmọ yẹn sì ti sin ìyá tirẹ̀. Síbẹ̀ ó kúnlẹ̀, ó ní, "Olúwa, mú un kúrò nílé wa." Ẹ̀rù bà á lójú ẹsẹ̀. "Kì í ṣe ikú o, Olúwa. Kó kàn lọ ni."

Ó bi olùkọ́ kíláàsì ìrìbọmi léèrè ohun tí èèyàn ń ṣe sí owú. Olùkọ́ ní, "Gbàdúrà sí i, á lọ." Ó gbàdúrà fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, ó fi oúnjẹ àárọ̀ sílẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejìlélógún, Ẹlẹ́rìn-ín kí i pé ẹ káàárọ̀ o, ọmọ ọba. Owú náà sì dìde bí ẹni tó sùn dáadáa. Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà, a ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n àdúrà kan wà tó dà bíi pé ó gbọ́ ọ, ó sì kàn ń wo ẹni. A ò mọ ohun tó ń wò.

Àwọn mẹ́rin ni yóò ṣe ìrìbọmi lọ́jọ́ Àìkú, Adákẹ́ wà lára wọn. Aṣọ funfun ni wọn yóò wọ̀. Ìyá rẹ̀ ti ṣèlérí pé, "Èmi fúnra mi ni màá rán tìẹ. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ní kàn án." Ọ̀rọ̀ yìí ni Adákẹ́ gbá mú. Bí aṣọ náà bá ti dé òun lára, òun á mọ̀ pé òun ṣì lọmọ ìyá òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ó gbé e wọ̀ níwájú ìyá rẹ̀, níwájú Ẹlẹ́rìn-ín, àti nọ́ọ̀sì kan tó wá gba yẹ̀rì rẹ̀. Èjìká kò wọlé. Ó fà á, òwú kan já. Ìbàdí ń mì dirodiro, ìsàlẹ̀ tó yẹ kó kan ọrùn ẹsẹ̀ sì dúró sí agbedeméjì ojúgun.

"Fà á dáadáa," ìyá rẹ̀ wí.

"Mo ti fà á, Màámi."

"Àbí o ti sanra ni?"

"Sanra kẹ̀?" Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ tó rí gbọọrọ bí òpó iná! Aránṣọ, ojú yín ti ń gbó o. Ẹ máa bọ̀ ní ọsibítù wa."

"Ojú ta ló ń gbó? Ẹlẹ́rìn-ín, wá gbé e wọ̀, kí n rí ibi tó ti wọ́."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀."

"Mo ní wá."

Ó wọ̀ ọ́. Èjìká jókòó, ìbàdí gbà á, ìsàlẹ̀ kan ọrùn ẹsẹ̀. Ó ṣe rẹ́gí. Nọ́ọ̀sì gbé báàgì rẹ̀, ó ní òun rántí pé òun gbé nǹkan kaná, ó sì jáde.

"Ara ẹ̀ lẹ gé," Adákẹ́ wí.

"Ojú ló ṣì mí."

"Ojú yín kì í ṣì, Màámi. Ẹni tẹ́ ẹ̀ ń wò lẹ gé."

Ẹlẹ́rìn-ín ti ń bọ́ aṣọ náà, ó ń sunkún. "Mi ò bẹ̀ wọ́n. Ọlọ́run rí mi, mi ò bẹ̀ wọ́n." Adákẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ni. Àmọ́ mímọ̀ yẹn kò ràn án lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ ra aṣọ mìíràn, ó sì yọ téèpù lọ́rùn. Ó wọn èjìká, ó wọn àyà, ó wọn gígùn. Aṣọ kejì bá a mu. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ti gbogbo oníbàárà náà ló ń bá wọn mu.

Lọ́jọ́ Àìkú, pásítọ̀ dúró sétí adágún tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn pẹpẹ, ó ń bi wọ́n níkọ̀ọ̀kan pé, "Ǹjẹ́ o di ẹnikẹ́ni sínú?" Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ní rárá kíákíá, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn, wọ́n sì wọ omi. Ó kan Adákẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Pásítọ̀ tẹ̀ sí i. "Ṣé o gbọ́ ìbéèrè yẹn?"

"Mo gbọ́, sà. Mo ń jowú ọmọ àbúrò màmá mi. Mo gbàdúrà sí i, kò lọ."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sọ ọ́ di ikọ́. Pásítọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o fẹ́ kó lọ?"

Adákẹ́ rò ó. "Ọjọ́ mìíràn wà tí mo fẹ́, sà."

Ọkùnrin náà ti ń ṣe ìrìbọmi fún èèyàn fún ogún ọdún. Ó wo omi títí. "Mo lè ṣe é fún ẹ báyìí, o sì lè dúró dìgbà mìíì," ó ní. "Èwo lo fẹ́?"

"Màá dúró, sà."

Ó rìn gba àárín ìjọ, aṣọ rẹ̀ gbẹ, gbogbo ọrùn ń yí tẹ̀lé e, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn. Kò pẹ́, ìyá rẹ̀ dìde níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín, ó wá bá a.

"Dìde."

"Màámi, wọ́n ń gbàdúrà."

"Mo ní dìde."

Ó dìde. Aránṣọ ní láti gbé orí sókè kó tó rí ojú ọmọ rẹ̀.

"O ti ga jù mí lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

Kì í ṣe ìwò ẹ̀ẹ̀kan tó máa ń wo oníbàárà ló wò ó. Ó wo iwájú orí rẹ̀, ó wo irorẹ́ tó sú sí i lágbọ̀n, ó wò ó títí ojú fi ń ti Adákẹ́. "Mi ò mọ̀," ó ní. "Ọmọ mi, mi ò mọ̀." Ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, pẹ̀lú òógùn tó wà níbẹ̀.

Níwájú, Ẹlẹ́rìn-ín yíjú padà. Òun nìkan ló kù lórí bẹ́ǹṣì, kò sì rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ méjèèjì tó di ara wọn mú ló ń wò. Adákẹ́ mọ irú ojú yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ń gbé e kiri láti oṣù mẹ́jọ. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì í. Lẹ́yìn náà ni Adákẹ́ sún lórí bẹ́ǹṣì, ó fi àyè ẹnì kan sílẹ̀.