Ojú Ìyá Àdúrà Nínú Kọ̀ǹpútà

Wọ́n ní ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti wọ kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù Àkànjí ní Oregun, rírù ni yóò máa rù. Ẹ̀rọ náà, wọ́n ní, á kọ́kọ́ gé ojú onítọ̀hún wẹ́wẹ́ kó tó gbé e sórí bébà. Mi ò gbà á gbọ́ tán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo máa gbé fọ́tò tèmi lọ, mo fi òróró àdúrà pa iwájú orí, mo sì fi díẹ̀ pa fọ́tò náà.

Ràbíátù tó jókòó sídìí ẹ̀rọ gbà á, ó ka orúkọ tí mo kọ sẹ́yìn rẹ̀, ó wò mí.

"Ìyá Iṣẹ́olúwa, ṣé ẹ din fọ́tò yìí ni?"

Báyìí la ṣe mọra. Ọdún 1996 ni, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa ló ń bá wa ṣe, tí ojú àwa méjìlélọ́gbọ̀n máa wà níbẹ̀ nígbà ìkórè.

Mùsùlùmí ni Ràbíátù, ọmọ Ìjẹ̀bú, ó lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún, kì í sì í jókòó kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má máa gbọ̀n. Ó ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà títí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba, fi ti ilẹ̀kùn ibẹ̀. Ó tẹ tápùráítà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Aláúsá, wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, orúkọ rẹ̀ wà nínú àwọn tó ń lọ. Ó ta pọ̀nmọ́ láti ibi ìpẹran Oko Ọba fóṣù mẹ́rin. Ó ní iṣẹ́ náà dára, òórùn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí òun ráyè ronú. Ti kọ̀ǹpútà yìí ló kọ́kọ́ pẹ́ nídìí rẹ̀. Àkànjí, ọ̀gá rẹ̀, sì ti ṣèlérí pé bí kàlẹ́ńdà wa bá jáde dáadáa, òun á fi í ṣe olórí ṣọ́ọ̀bù tuntun tí òun ń ṣí ní Agége. Kò sọ̀rọ̀ méjì kó má dárúkọ Agége.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé níbo gan-an ni ojú èèyàn wà nínú ẹ̀rọ.

"Ojú kankan ò sí níbẹ̀, mà. Nọ́ńbà ni. Ẹ̀rọ á ta àwọ̀n lé fọ́tò lórí, á máa bi ihò kọ̀ọ̀kan pé báwo lo ṣe dúdú tó. Èyí tó dúdú bí èédú, òdo. Èyí tó funfun báláú, igba ó lé márùndínlọ́gọ́ta. Àárín méjèèjì ni gbogbo wa wà."

"Ohùn ńkọ́?"

"Bákan náà ni. Bí ẹ bá ń kọrin, á máa wọn ohùn yín lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹ tó ṣẹ́jú, á máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ibi tí kò bá wọ̀n, ó ti lọ nìyẹn."

Ó yé mi. Ní sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n kọ́ wa níṣẹ́ abẹ́rẹ́ kan lórí aṣọ oníhò: ihò kan, òwú kan. Bí ihò bá pọ̀, wàá rí òdòdó. Bí kò bá pọ̀, wàá rí ẹ̀wà.

Ìyá Àdúrà tó dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ ti kú, fọ́tò kan ṣoṣo ló kù. A ní kí Ràbíátù fi í sí igun nísàlẹ̀, kó ṣe é ní kékeré. Ihò díẹ̀ ló fi ka ojú náà, torí dísìkì kan, tí kì í gba ohun púpọ̀, ló máa kó gbogbo ojú wa lọ sílé ìtẹ̀wé. Nígbà tí ọmọ Ìyá Àdúrà ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tó béèrè fọ́tò ìyá rẹ̀, èmi ni mo ní kó máa mú un lọ, pé ó ṣáà ti wà nínú kọ̀ǹpútà.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìkórè dé, ni wòlíì ìjọ wa bá ríran pé àárín ni Ìyá Àdúrà gbọ́dọ̀ wà. Nínú kàlẹ́ńdà ìjọ, bí oyè bá ṣe tó lojú ń tóbi tó. Èmi àti Màmá Ọládùnní, ààrẹ ẹgbẹ́, forí lé Oregun.

Ràbíátù fa ojú náà kó lè tóbi. Ó di búlọ́ọ̀kù búlọ́ọ̀kù, bí ògiri tí wọn ò tíì rẹ́.

"Fà á sí i," ni Màmá Ọládùnní wí.

"Mà, bí mo ṣe ń fà á ni búlọ́ọ̀kù ń tóbi. Ohun tí ẹ̀rọ ò kà lọ́jọ́ yẹn, kò mọ̀ ọ́n."

Àkànjí bọ́ síwájú. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ràbí, mú ojú àti ẹnu ẹlòmíì, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ta ló máa mọ̀?"

Màmá Ọládùnní tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Wọ́n kúkú máa ń sọ pé mo jọ ọ́."

"Mi ò ní lè ṣe é," ni Ràbíátù wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé tábìlì ń mì. "Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí ọmọ wọn kó fi fọ́tò ránṣẹ́. Àbí ká gbé e sáàárín bó ṣe kéré yẹn. Àwọn ọmọ ìyá yìí máa dúró níwájú kàlẹ́ńdà, wọ́n á máa wá ìyá wọn. Kí n wá gbé ojú yín fún wọn?"

"Kí ló ṣe ojú mi?"

"Ojú yín dára, mà. Ẹ̀yin lẹ ni ín."

"Ràbí," ni Àkànjí wí jẹ́jẹ́, "rántí Agége."

"Mo rántí."

"Èmi ni mo ní kí ọmọ náà gbé fọ́tò lọ," ni mo wí, kí n lè bá Ràbíátù gbé díẹ̀ nínú ẹ̀bi náà.

Màmá Ọládùnní ń béèrè ohun tí a máa sọ fún wòlíì. Àkànjí yíjú sí i, ó ní Ràbí á ṣe é. Láìbojúwẹ̀yìn ló ń bá Ràbí wí pé èèyàn mẹ́wàá ló ń wá irú iṣẹ́ yìí, pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ olórí Agége kò gbọ́dọ̀ máa yan iṣẹ́. Ràbíátù fa báàgì rẹ̀ yọ lábẹ́ tábìlì. Ó sọ fún mi pé, "Ó dàbọ̀, mà," ó sì gba ẹ̀yìn Àkànjí jáde. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí Àkànjí tó mọ̀ pé àga tó ṣófo lòun ń bá wí.