Ìwé Orúkọ ní Èbúté Caldwell

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé ní Caldwell, nítòsí Monrovia, lẹ́bàá odò Saint Paul. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní òdìkejì odò. Ẹni tó bá fẹ́ gba orí afárá débẹ̀ yóò wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì jókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ fún wákàtí kan àtààbọ̀. Ẹni tó bá gba ojú omi, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni. Ojú omi ni èmi náà ń gbà, bí ọ̀pọ̀ èèyàn àdúgbò wa ṣe ń ṣe.

Ọkọ̀ onígi gbọọrọ ni, ẹ́ńjìnnì kékeré kan wà ní ìdí rẹ̀. Ọkùnrin tó ni ín náà ló ń wà á. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Bí èèyàn bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní èbúté, yóò ti máa kígbe pé, "Ó ku ẹnì kan! Ó ku ẹnì kan!" Bí ẹni yẹn bá wọlé tán, á tún ku ẹnì kan. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Mi ò rántí pé èmi tàbí ẹnikẹ́ni bi í rí pé èèyàn mélòó gan-an ni ọkọ̀ rẹ̀ ń gbà.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nígbà òjò, odò kún dé etí, ìtì igi àti koríko ń ṣàn lọ lójú omi. Èmi wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́. Àyè kan ṣoṣo ló kù, ọmọbìnrin kan sì wà lẹ́yìn mi tó ti ki ẹsẹ̀ bọ omi. Mo mọ̀ ọ́n lójú. Ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní òdìkejì, ó sì máa ń gbé àpò kan tí rúlà onígi gígùn máa ń yọrí jáde nínú rẹ̀. Mo wo aago mi, mo sì wọlé. Ó ní, "Kò sí wàhálà, Tíṣà. Màá wọ èyí tó kàn."

Ọkọ̀ kan náà ló padà lọ kó èrò kejì, kò sì dé òdìkejì. Ìtì igi kan gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní agbedeméjì odò, ó sì dojú dé. Mo wà ní kíláàsì, mo ń kọ ìdá sójú pátákó, nígbà tí ariwo bẹ̀rẹ̀ ní etí omi.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi awakọ̀ ni pé èèyàn mélòó ló gbé. Ó ní mẹ́rìnlá. Obìnrin kan tí wọ́n fà yọ nínú omi ní àwọn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹlòmíràn ní méjìdínlógún. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n gba ti awakọ̀ nítorí pé òun ló ni ọkọ̀, òun náà sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ èèyàn méjì kúrò nínú omi. Èèyàn mẹ́wàá là á já, wọ́n rí òkú mẹ́rin. Mẹ́wàá àti mẹ́rin jẹ́ mẹ́rìnlá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ní iye èèyàn ti pé, wọ́n ká okùn wọn, wọ́n sì lọ.

Ìyá ọmọbìnrin aránṣọ náà kò gbà pé ó pé. Opó ni, aṣọ ló ń fọ̀ kiri ilé àwọn èèyàn. Óòmà ni gbogbo wa ń pè é, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe obìnrin àgbà ní Monrovia. Ó ní ọmọ òun jáde nílé ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kò sì padà. Awakọ̀ ní òun ò rí i nínú ọkọ̀ òun. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé bóyá ó ti bá ọkùnrin kan lọ sí Paynesville. Láti ọjọ́ Ẹtì ni ìyá náà ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń béèrè ẹni tó rí ọmọ òun ní èbúté.

Ó dé ilé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà. Ọkọ mi ló dá a lóhùn lẹ́nu ọ̀nà. Èmi wà ní ilé ìdáná. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará ibí máa ń gé ìparí ọ̀rọ̀ jẹ, ó sì pẹ́ kí etí mi tó mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mi ò gbọ́ nínú ohun tó sọ. Mi ò jáde.

Nígbà tó lọ tán, mo sọ fún ọkọ mi pé mo rí ọmọ náà.

"Ṣé o rí i tó wọ ọkọ̀?" Ẹ́ńjíníà ni, òpó tẹlifóònù ló ń tọ́jú, ó sì fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ gún régé.

"Mi ò rí i tó wọ̀ ọ́. Ó ní òun máa wọ̀ ọ́."

"Mọ́mì, àlejò ni wá níbí. Tó o bá sọ̀rọ̀, á di ti ọlọ́pàá. Wọ́n á ní àwọn ará Nàìjíríà tún ti dé. Kí ni wàá sọ pé o rí?"

Òtítọ́ ni pé mi ò rí i tó wọ ọkọ̀. Mo di ìyẹn mú fún odidi ọjọ́ kan.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo sọ ọ́ fún bàbá kan nínú ìjọ wa. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni. Ṣọ́jà ni nígbà kan rí. Ó wà lára àwọn tí Nàìjíríà rán wá pa iná ogun níbí, ó fẹ́ ọmọ ìlú, kò sì padà sílé mọ́. Kì í sọ̀rọ̀ ogun. Mo rò pé yóò ní kí n lọ gbàdúrà. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán, ó ń nu awò ojú rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ó ní, "nígbà ogun, a sin ọ̀pọ̀ èèyàn tá ò mọ orúkọ wọn. Kò sẹ́ni tá a lè bi. Àwọn tó mọ̀ wọ́n ti sá, tàbí kí àwọn náà ti kú. Ogun nìyẹn. Tìrẹ yìí ńkọ́? Wọ́n ń bi ọ́, o sì mọ̀."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, sà."

"Mo mọ̀. Lọ sọ ọ́ tẹ̀rùtẹ̀rù."

Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn mi nígbà tí mo dé ilé Óòmà. Ó jókòó lórí àpótí, ó gbé àwo ìrẹsì lé itan, ó ń ṣà á. Mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn mi ní èbúté, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà nínú omi, pé èmi ni mo gba àyè tó kù, àti ohun tí ọmọ náà sọ fún mi. Mo ti múra sílẹ̀ pé yóò pariwo lé mi lórí. Ohun tó béèrè ni àwọ̀ búláòsì tí ọmọ náà wọ̀. Mo ní àwọ̀ ìyeyè ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Èmi ni mo fọ̀ ọ́."

Ní ọjọ́ Ajé, a jọ lọ sí ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, ó ní kí n buwọ́ lù ú, ó wá sọ fún wa pẹ̀lú sùúrù pé àwọn ò ní ọkọ̀ ojú omi kankan, pé ńṣe làwọn yá èyí tí àwọn lò. Kò sí ọlọ́pàá tó wá sílé wa nítorí rẹ̀, nígbà yẹn tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Láti ibẹ̀, Óòmà lọ bá àwọn apẹja. Mẹ́fà nínú wọn gbé ọkọ̀ jáde láìgba nǹkan kan. Wọ́n rí ọmọ náà lọ́jọ́ kejì, ní ìsàlẹ̀ odò níbi tí koríko omi ti dí. Ọjọ́ náà gan-an la sin ín. Ọkọ mi wà lára àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, Óòmà sọ̀ kalẹ̀ wá sí èbúté ní àárọ̀, ó mú ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan àti bírò dání. Kò mọ̀ ọ́n kọ. Ó nà wọ́n sí mi.

"Tíṣà, bá mi kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yìí kó tó kúrò."

Awakọ̀ náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ó wò mí, mo wo ilẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù béèrè bóyá òun ti kú ni tí wọ́n fi fẹ́ kọ orúkọ òun. Obìnrin kan sọ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tó jókòó tì í sì bú sẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

"Óòmà, ẹ ń lé oníbàárà mi," awakọ̀ ní.

"Èèyàn mélòó lọkọ̀ rẹ ń gbà?"

"Tí mo bá máa sọ òótọ́, méjìlá."

"Sọ òótọ́."

"Méjìlá."

Óòmà yíjú sí mi. "Tíṣà, mélòó lo kọ?"

Mẹ́rìndínlógún ni. Ó dúró síwájú ọkọ̀ nínú omi tó dé orúnkún rẹ̀, kò sì kúrò títí èèyàn mẹ́rin fi bọ́ sílẹ̀. Wọ́n bú u. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ní àràárọ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí awakọ̀ fi owó kún owó ọkọ̀ nítorí pé èrò rẹ̀ dín kù, Óòmà náà ni wọ́n tún bú.

Bí mo bá sọ pé inú mi dùn sí ìwé yẹn, irọ́ ni mo pa. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò kan, gáàsì tán nílé wa, mo pẹ́. Mo sáré dé èbúté pẹ̀lú ìwé ìdánwò lábẹ́ apá. Obìnrin kan tó ń ta ẹja ló ń kọ orúkọ lọ́jọ́ náà, ó sì ti kọ méjìlá pé.

"Óòmà, èmi ni o," mo ní.

"Mo rí ẹ."

"Àwọn ọmọ fẹ́ ṣe ìdánwò. Ọwọ́ mi ni ìwé ìdánwò wà. Ẹ wò ó, mi ò tiẹ̀ wúwo." Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. "Wọ́n lè torí ẹ̀ lé mi níbi iṣẹ́."

"Tí wọ́n bá lé ẹ, wàá wà láyé láti lọ bẹ̀ wọ́n," ó ní, ó sì fi ọwọ́ ti ìdí ọkọ̀ kúrò létí omi.

Mo pòṣé sí i. Mo jókòó sórí ọkọ̀ àlòpatì kan nínú oòrùn, mo sì ń ronú gbogbo ohun tí mo ti ṣe fún un: pé èmi ni mo jẹ́rìí, pé èmi ni mo kọ́kọ́ di bírò yẹn mú. Mo rò pé ó yẹ kí àyè kan wà fún irú èmi. Àwọn ọmọ dúró dè mí fún ogójì ìṣẹ́jú. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí mi, ó wà nínú fáìlì mi títí dòní.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé ẹ̀mí ò láàrọ̀. A máa ń sọ ọ́ nílé ọ̀fọ̀, a máa ń sọ ọ́ tí ọkọ̀ bá dànù, á sì rọrùn lẹ́nu. Mo gbà á gbọ́, bí gbogbo èèyàn. Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé tí ìlú kan bá gbà á gbọ́ lóòótọ́, iṣẹ́ kéékèèké tí kò wuyì ló máa pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹnì kan á máa kọ orúkọ. Awakọ̀ á máa fi èrò mẹ́rin sílẹ̀ ní èbúté lójoojúmọ́ láìsí ẹni tó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ́fíìsì kan á ní ọkọ̀ tirẹ̀, ọkọ̀ náà á sì wà nílẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìṣe nǹkan kan. Àwọn bíi tèmi á pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá wọn á sì gbà pé ó yẹ kí wọ́n pẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, mi ò tíì rí i.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan fún awakọ̀ ní ẹ̀wù aláfẹ́fẹ́ méjìlá, irú èyí tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, ó ku méje. Mo ti rí ọ̀kan tí obìnrin kan fi ṣe tìmùtìmù nídìí igbá rẹ̀. Orúnkún Óòmà kò gbà á mọ́ láti máa dúró nínú omi, ó sì ti kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Lakpazee. Mo máa ń lọ kí i. Kì í béèrè ọ̀rọ̀ ìwé náà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò bá fà, ọ̀sẹ̀ méjì lè kọjá kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ kan. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan á tún ra ìwé tuntun. Ó tó ìgbà mẹ́rin tó jẹ́ èmi ni.

Ní òjò tó kọjá yìí, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní agbedeméjì odò. Omi gbé wa lọ sísàlẹ̀, ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, omi rọ́ wọlé, ọkọ̀ sì fi orí sọ koríko ní òdìkejì. A fi ẹsẹ̀ wọ́ ẹrẹ̀ gòkè, oníkálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Awakọ̀ ló ké sí wa padà. Ó ní kí n pe orúkọ, torí èmi ni mo kọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ìwé náà ti rin, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Mọ́kànlá dáhùn. Ẹnì kan kò dáhùn. Mo tún orúkọ náà pè. Awakọ̀ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó padà sínú omi, ó ń fi ẹsẹ̀ wá abẹ́ koríko. Ọkùnrin méjì nínú èrò sáré lọ sí ojú ọ̀nà, wọ́n ń pariwo orúkọ náà.

Wọ́n rí i ní ṣọ́ọ̀bù tíì kan lẹ́bàá títì. Wọ́n mú un padà wá bá wa, pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń ro kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. Inú bí i gidi. Ó ní kí ló dé tá a fi ń pariwo orúkọ òun káàkiri àdúgbò bí orúkọ olè, pé ibi iṣẹ́ ni òun ń lọ. Awakọ̀ jáde nínú omi, ó jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo bẹ ọkùnrin náà pé kó máà bínú. Mo fi bírò sàmì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀.