Obìnrin Tí Ẹnikẹ́ni Kò Wá

Ọdún méjì ni mo fi kọ ìwé náà, láàárọ̀ kùtù, kí n tó lọ síbi iṣẹ́ mi ní Agodi. Ìtàn obìnrin kan ni. Mọ́tò gbá a, ó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí wá bá a ní ọsibítù, ó ní òun ni ọkọ rẹ̀. Obìnrin yìí tẹ̀ lé e lọ sílé. Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí nǹkan díẹ̀díẹ̀, tí jìnnìjìnnì sì bò ó. Mo fẹ́ kí jìnnìjìnnì bo ẹni tó bá ń kà á náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo kọ́kọ́ fún kà. Télọ̀ ni, nínú agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, kò sì sí ìwé Yorùbá tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kì í kà tán. Lọ́jọ́ kẹta, ó pè mí sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ìlú wo lèyí ti ṣẹlẹ̀?"

"Ìbàdàn níbí ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Irọ́ ni." Kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń rán. "Obìnrin tó ní ìyá, tó ní bàbá, tó ní ẹ̀gbọ́n, ó wà nílùú yìí fún ọdún mẹ́ta! Wọn ò kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí? Wọn ò gbé e sórí rédíò? Ẹnì kan ò rí i ní Ọjà'ba kó ní, 'Ṣé kì í ṣe ọmọ lágbájá nìyí?' Ìwọ gan-an, tó ò bá wálé lónìí, kí ilẹ̀ tó mọ́, a ó ti dé gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá."

"Àròsọ ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Mo mọ̀ pé àròsọ ni. Mo fẹ́ gbà á gbọ́, ìwọ ni o ò jẹ́ kí n gbà á gbọ́."

Inú bí mi. Àmọ́ mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Mo sọ obìnrin náà di ọmọ òrukàn. Ìtàn ò dùn mọ́. Mo ní ìlú òkèèrè ló ti wá. Ìyẹn tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí mo bá ti lẹ ibì kan, ibòmíràn á tún ya. Nígbà tó sú mi, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí.

Àbúrò bàbá wa lóbìnrin, tí à ń pè ní Màmá, ń gbé inú agbo ilé kan náà. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ìgbàgbé sì ti wọ ọ̀rọ̀ rẹ̀: á bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á fi orúkọ ìyá mi pè mí. Ṣùgbọ́n kì í pa àsàlátù jẹ, ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin ní àràárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Á wẹ̀, á da ìborùn funfun borí, á jáde. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dé. A rò pé òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń tàkúrọ̀sọ.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, àwọn obìnrin mẹ́ta láti ẹgbẹ́ àsàlátù yà sílé wa lọ́sàn-án.

"A ní ká wá wo ara Màmá ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tá a ti rí wọn mọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn náà ló jáde lójú wa. Ẹ̀gbọ́n mi fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́. A wá a dé Ọ̀rányàn, a wá a yí Mápó ká. Ní Bẹẹrẹ ni onítakisí kan ti dá wa lóhùn: "Màmá tó máa ń lọ Òjé? Èmi ni mo gbé wọn láàárọ̀."

A bá a lórí àpótí nínú ìsọ̀ aláṣọ òkè kan tó jẹ́ obìnrin bí ẹni àádọ́ta ọdún. Màmá ń bá a ká aṣọ. Ó wò wá bí ẹni wo oníbàárà.

"Ẹ káàbọ̀ o. Irú èwo lẹ fẹ́? Ọmọ mi á dá yín lóhùn."

Ó wá fi orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin pe aláṣọ náà, ọmọ tó ti kú kí wọ́n tó bí mi.

"Ìyá mi, mo ń bọ̀," ni obìnrin náà wí.

Ó fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀, mo ní èmi kọ́. Wọ́n bú sẹ́kún láàárín ọjà. Nígbà tí wọ́n tún padà wá, mo jẹ́ wọn. Mo béèrè ilé wọn, wọn ò sọ. Ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á dìde fúnra wọn, mo sì máa ń sìn wọ́n dé ìdí mọ́tò. Ẹ má bínú. Ìkókó ni mí nígbà tí ìyá tèmi kú. N ò pe ẹnikẹ́ni ní ìyá mi rí."

Ẹ̀gbọ́n mi ti múra àtibínú. Kò rí inú náà bí. Nígbà tí a ń padà lọ sílé, ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Inú ilé kan náà la sì jọ wà."

Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo tún kó ìwé mi jáde látinú àpótí. Gbogbo wàhálà mi ni pé mo ń wá ìdí tí ẹbí kò fi rí ẹni tó sọnù. Màmá kò sọnù. Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló ń sùn lójoojúmọ́, à ń kí i, ó ń dáhùn. Ta ni yóò wá ẹni tó wà nílé? Mo yọ mọ́tò tó gbá obìnrin náà, mo yọ ọsibítù. Mo yọ ọkọ burúkú náà pẹ̀lú, nítorí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ olórúkọ ní Òjé kò burú rárá, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù jù.

A ò dá Màmá dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń mú un lọ, èmi náà máa ń mú un lọ nígbà míì. Lọ́jọ́ kan tí òjò ká wa mọ́ abẹ́ tapólì ìsọ̀ náà, Màmá tẹjú mọ́ aláṣọ náà títí.

"Ìwọ ta ni?" Ohùn rẹ̀ já gaara.

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí aṣọ. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ti ṣáájú mi.

"Aláṣọ ni mí, Màmá."

"Ọmọ mi ti kú. Ó ti pẹ́."

"Mo gbọ́, Màmá. Ẹ pẹ̀lẹ́."

Bí òjò ṣe dá, mo mú Màmá lọ sílé. Nígbà tí a padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, àtòkèèrè ni Màmá ti fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é. Obìnrin náà kọ́kọ́ wò mí lójú, kó tó jẹ́. Mo ti gbìyànjú láti kọ bó ṣe wò mí yẹn. N ò tíì rí i kọ.