Ẹni Tí Títíloyè Kò Mọ̀, Tó Gbèjà Rẹ̀

Láti kékeré ni Títíloyè ti ń kólòlò. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Ogida, níbi tó ti ń tún fóònù ṣe, àwọn oníbàárà a máa bá a parí ọ̀rọ̀ kó tó là á já, òun náà a sì kàn mi orí.

Ọdún kẹta rèé tó bá ẹgbẹ́ kan pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n jùmọ̀ ń ṣe áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ kan. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè wo bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀. Kò béèrè nọ́ńbà, kò béèrè orúkọ, ẹni tí a kọ̀wé sí nìkan ló sì lè kà á. Títíloyè pe ara rẹ̀ ní Ìgbín níbẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bí fóònù kékeré ṣe lè gbé áàpù náà. Bó bá ti di ọ̀rọ̀ kíkọ, kò sóhun tó ń dí i lọ́nà.

Lóṣooṣù, ẹgbẹ́ a máa pín tókìn, owó tí wọ́n dá sílẹ̀ fúnra wọn lórí blockchain, ìwé àkọsílẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kan ò lè dá yí padà, fún àwọn tó ṣiṣẹ́. Ìbò ni wọ́n fi ń yan iye tó tọ́ sí kálukú. Tókìn tí Títíloyè ń tà gba náírà ló sọ ṣọ́ọ̀bù onípákó rẹ̀ di oníbúlọ́ọ̀kù.

Àfi bí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ṣe gbé òfin tuntun dé: ẹni tó bá fi ẹnu sọ̀rọ̀ ní ìpàdé olóhùn orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni yóò gba èrè. Títíloyè wọlé lẹ́ẹ̀kan. "Mo... mo... mo..." Ẹnì kan rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ló ń já, ó ní kó jáde kó tún wọlé. Ó jáde, kò padà.

Lẹ́yìn oṣù méjì tí kò rí nǹkan kan gbà, Fikáyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ní, "Kọ ọ́ fún wọn. Ṣé wọ́n mọ ojú ẹ ni?"

Ó kọ ọ́: "Akólòlò ni mí. Iṣẹ́ mi wà nílẹ̀, ẹ wò ó." Ìtìjú ò jẹ́ kó yọjú síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tó padà dé, ẹnì kan tó fi àwòrán pẹ́pẹ́yẹ rọ́pò àwòrán ojú ara rẹ̀ ti ṣa gbogbo ìdáhùn Ìgbín jọ síwájú ẹgbẹ́, ó ní kí èrè máa tẹ̀lé iṣẹ́, kì í ṣe ohùn. Wọ́n dìbò, òfin náà wó, wọ́n sì san èrè oṣù méjèèjì fún un.

Omi bọ́ lójú Títíloyè. Oore tí wọ́n ṣe fún ni lánàá, a máa ń jí lọ dúpẹ́ rẹ̀ ni. Ilé ta ni yóò lọ? Kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ó bá kọ̀wé sí ẹni náà lédè Gẹ̀ẹ́sì pé, "Ká ní mo mọ ilé yín ni, ìdọ̀bálẹ̀ ni ǹ bá fi kí yín."

Èsì dé: "Adití ni mí. Èmi náà ò rí nǹkan gbà látìgbà tí wọ́n ti ṣòfin yẹn. Mi ò láyà láti sọ ọ́, àfìgbà tí o kọ tìrẹ."

"Háà, Olúwa ṣeun!" Fikáyọ̀ tó ń bá a kà á ló kígbe bẹ́ẹ̀.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Pẹ́pẹ́yẹ ni Títíloyè kọ́kọ́ dìbò fún. Bí wọ́n bá sì ní kí kálukú dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ikpoba Hill, ẹni yẹn ló máa ń gbàdúrà fún. Ó ní Ọlọ́run mọ ẹni tóun ń wí.